Ẹyẹ Tí Alága Pè Ní Àlá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá
Igi ti ń wọ́wé nílùú òyìnbó níbí. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ti ń gba ọgbà ìgbafẹ́ wa kọjá. Mo gbé awò tí à ń fi wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, mo jáde ní ìdájí. Alága ẹgbẹ́ àwa tí à ń wo ẹyẹ ti dé ṣáájú, ó dúró létí adágún bí ẹni tó ni omi. Ó kí mi. Imú ni mo fi dáhùn.

Mi ò tíì gbàgbé èṣí. Mo rí Ọlọ́fun-Dúdú, ẹyẹ tẹ́nikẹ́ni ò rí rí níbí. Mo nawọ́ sí i. Alága gbójú sókè, ó ní, "Ìyá yìí ń lálàá lójúmọmọ." Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Alálàá ni wọ́n ń pè mí títí dòní.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án
Ó ti padà dé! Àyà pupa rúsúrúsú, ìrù tí kì í sinmi — lórí igi ńlá ẹ̀yìn ibi ìṣeré ọmọdé. Àbúrò mi obìnrin ní kí n pe Alága, kí n fi hàn án, kọ́rọ̀ tán.

Kọ́rọ̀ tán kẹ̀? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Oorun ò kùn mí. Inú mi dùn jù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá
Mo kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sábẹ́ igi. Alága nìkan ni mo rán lọ sí òdì kejì adágún. "Ibẹ̀ ni mo ti rí i, sà." Ó lọ tayọ̀tayọ̀.

Ẹyẹ bọ́ sí gbangba. Ariwo sọ! Akọ̀wé ẹgbẹ́ dì mọ́ mi: "Ẹ má bínú, Mà, ẹ ò purọ́." Alága sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó gbé awò sójú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. "Níbo?" Gbogbo wa ń nawọ́. Kò rí nǹkan kan. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Ó dùn ju oyin lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo bá Alága lábẹ́ igi, òun nìkan. Kò mọ̀ pé èmi ni, àfìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Ó ní ojú òun ti ń kú láti ọdún méjì, dókítà ní kò sí àtúnṣe. Lọ́jọ́ tí mo nawọ́ léṣìí, òjìji ewé lásán lòun rí. Ìtìjú ò jẹ́ kóun jẹ́wọ́.

"Ẹ foríjì mí. Ṣó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ júwe ẹ̀ fún mi."

Mo gbójú sókè. Ó wà lórí ẹ̀ka tó sún mọ́ wa jù, oòrùn ń tàn sí i láyà.

"Ó ti lọ, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú ewé gbígbẹ. Mi ò fà á lọ́wọ́.