Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe Nítorí Mọ́tò

Bọ̀dá Stephen,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mọ́tò haibríìdì, èyí tó ń lo epo àti bátìrì, tẹ́ ẹ fi ta mí lọ́rẹ tún kú lánàá. Rẹwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ti pààrọ̀ bátìrì títí ó fi sú u. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kòtò ojú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ló bà á jẹ́. Àfi bí ìyàwó yín ṣe pè, tó ní, "Ṣé ó ṣì ń kú bíi ti ìgbà tó wà lọ́wọ́ wa?"

Bọ̀dá, ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù, lójú Ìyá, kí n máa dúpẹ́.

Olúwa á pa yín mọ́. Ẹ má gbàgbé oògùn Ìyá. Ní ti mọ́tò, ìdọ̀bálẹ̀ mi nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà fún mi.

Bọ̀sún, àbúrò yín