Afárá Okùn Orí Títì

                                        Ilé Àwọn Olùwádìí,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Igbó Kékeré.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ilé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú bíbá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ilé nìkan ló dákẹ́ jù.

Ẹ béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọ̀bọ ni. Àgbà abo ọ̀bọ kan ni, tí dírẹ́bà wa sọ ní Ìyá Onílé, nítorí pé orí òrùlé wa ló máa ń jókòó sí láràárọ̀, tí á máa pariwo bí ẹni tó fẹ́ lé wa jáde.

Igbó kan ṣoṣo ni gbogbo ibí nígbà tí ẹ wá kí mi. Títì ti là á sí méjì báyìí. Apá ọ̀hún tóbi. Tiwa kò ju ìrìn àárọ̀ ẹkùn kan lọ. Ẹkùn ló kọ́kọ́ lọ, torí ibi tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ ọ. A rò pé ara á tu àwọn ọ̀bọ. Àṣé idì ṣì kù. Tẹ́lẹ̀, gbogbo igbó ló fi ń ṣọdẹ. Ní báyìí ó dúró tì wá, nítorí àwọn ọ̀bọ ibí kò ríbi sá sí. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku Ìyá Onílé nìkan. Bó bá ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dáhùn lódìkejì títì, kò sì lè kọjá. Bí idì bá mú òun náà, ó parí nìyẹn.

La bá ta afárá okùn sókè títì. Àṣìṣe wa ni pé gbangba la ta á sí, kí kámẹ́rà ìwádìí wa lè rí i dáadáa. Ìyá Onílé gbẹ́sẹ̀ lé e, ó wòkè, ó rí idì lórí òpó iná, ó sá padà.

Dírẹ́bà ní, “Ọ̀gá, afárá kọ́ lẹ ṣe yìí o, àwo oúnjẹ ni. Ó ku omi ìfọwọ́ fún ẹyẹ.”

Mo ní, “Ṣebí ìwọ lo so okùn?”

“Èmi so okùn o. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti pe àlejò.”

A tú u, a gbé e lọ síbi tí ẹ̀ka igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó bí àtíbàbà. Kámẹ́rà ò rí nǹkan kan mọ́. Ìyá Onílé náà ò yà síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nínú òjò wínníwínní, a kò gbọ́ ọ lórí òrùlé. Mo rò pé idì ti mú un. Ìgbà tó yá ni ohùn rẹ̀ dún lódìkejì títì, láàárín ohùn àwọn tó kù. Dírẹ́bà ṣí fìlà, ó ní, “Ìyá Onílé ti kó lọ o. Àwa la nilé báyìí.” A rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn náà ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Mo po tíì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Idì náà ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sí ohun tó ké ní apá tiwa láti ìgbà náà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀. Màá kà á sókè.

                                        Èmi àbúrò yín tó wà létí igbó,
                                        Awòkè, bí ẹ ti ń pè mí láti kékeré.