Obìnrin Inú Àwòrán Tí Kò Sunkún

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta, 1991
Kamaldeen, tíṣà iṣẹ́ ọnà, gbé àwòrán kan kọ́ sí ọ́fíìsì àwa olùkọ́. Obìnrin kan nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Kò sí omijé lójú rẹ̀. Mi ò lè máàkì ìwé kankan mọ́. Oṣù márùn-ún rèé tí Àjàní ọkọ mi, gáàdì rélùwéè, ti lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo kọ ìlà ewì mẹ́rin. Mo pa mẹ́ta rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ewì náà ń bọ̀ —
Wọ́n ní kí n sunkún kí wọ́n gbọ́.
Ẹkún wà, ó dì bí ẹ̀kọ láyà mi.
Ọkọ̀ ojú irin fun fèrè l'Ọ́fà,
mo ṣì dìde láti lọ ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ìyá Àjàní dé láti Ilemọna. Aláìgbàgbé ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, níṣojú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní: "Ojú rẹ gbẹ. Ọmọ mi ò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ." Láti ìgbà náà, Caroline ọmọ mi nìkan ni wọ́n ń kí. Iṣu ni wọ́n kó wá. Wọn ò wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé — Caroline lẹ́yìnkùlé, ewì mi ló ń kà sókè fún ìyá bàbá rẹ̀! Mo nawọ́ kí n gba ìwé. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó kà á tán." Wọ́n béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní obìnrin kan ló wà nínú àwòrán níléèwé wa, mà, òun ni mo ń wò kọ ọ́. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ.

Ọjọ́ Ajé, 11
Kamaldeen gbé àga fún wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n sún mọ́ àwòrán náà.
"Obìnrin yìí ò sunkún."
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo dáhùn.
"Kì í ṣe pé kò fẹ́. Kò rí i sun ni." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìyàwó mi, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ."
Mo kúnlẹ̀. Mi ò sunkún. Wọn ò sì retí ẹ̀.
Nígbà tá a délé, wọ́n jókòó tì mí. Wọn ò mọ̀ọ́kọ. "Ti ìyàwó lo kọ. Ta ni yóò kọ ti ìyá? Mú bírò." Wọ́n ń pè é, mo ń kọ:
Ọmọ tí mo pọ̀n re oko, tí mo pọ̀n re ọjà —
ẹ̀yìn mi ò tíì mọ̀ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀.