Ẹsẹ̀ Bàtà Kan ní Ṣọ́ọ̀bù Hudak

Youngstown, Ohio
Ọjọ́ Túsìdeè

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kó ti fúyẹ́. Àlàáfíà lèmi àti Cody ọmọ mi wà. Darrell ọkọ mi ṣì wà lójú títì pẹ̀lú tírélà rẹ̀.

Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé tẹ́rù bá ń bà mí níbí. Ó ń bà mí lóòótọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan tó ti kógbá sílé là ń gbé, Hudak lórúkọ ẹ̀, páàtì mọ́tò ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo Sátidé làwọn èèyàn ń kó mọ́tò wá síwájú ẹ̀, wọ́n á máa yọ táyà. Mo máa ń ti fèrèsé wò wọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo làwọn míì wọ̀. Mo ní bí wọn ò bá jẹ́ olè, a jẹ́ pé orí wọn ti dàrú.

Àmọ́ búréèkì mọ́tò mi ń han, irin ń ha irin, bẹ́ẹ̀ dókítà tó ń wo ọkàn Cody ní Cleveland ń retí wa ní Mọ́ńdè. Darrell ra páàdì búréèkì tuntun sílẹ̀, kò ráyè fi sí i kó tó lọ. Ni mo bá ṣọkàn akin ní Sátidé, mo gbé ọmọ jáde lọ bá wọn.

Màmá àgbà kan, Verna, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Ìwọ lò ń yọjú bí ológbò lójú fèrèsé yẹn. Kí ló ń ṣe mọ́tò ẹ?" Mo sọ fún un, mo wá ní, "Ẹ má bínú o mà, bàtà wọn ńkọ́?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Otis ní, "Ó rò pé wèrè ni wá." Verna ní, "Kò kúkú jìnnà sí i."

Ẹnu káńtà Hudak ni Verna ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Ó ní páàtì tí Hudak tó ni ṣọ́ọ̀bù ń tú lára mọ́tò tó ti bàjẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ló ń rà á, wọn ò sì ní sípánà. Hudak wá ní kí wọ́n máa tún mọ́tò wọn ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun á yá wọn ní irinṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà kan dógò lọ́dọ̀ òun. Ta ló máa gbé sípánà sá lọ lórí yìnyín pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán? Báyìí ni Hudak ṣe ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri gbogbo ìlú tó yí wa ká.

Nígbà tó kú, àwọn ọmọ ẹ̀ tà á fún ilé iṣẹ́ ńlá kan láti òkèèrè. Àwọn yẹn ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún mọ́tò ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́, tí jáàkì bá yẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, onímọ́tò á pe àwọn lẹ́jọ́. Mo bi í pé ṣé wọ́n fowó lé ọjà ni. Ó ní, "Rárá o, wọ́n tiẹ̀ dín in kù. Àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ fi páàtì ṣe tí ò bá rí ibi tó ti máa dè é mọ́ mọ́tò?" Bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù níkọ̀ọ̀kan nìyẹn, tìhín ló gbẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ da irinṣẹ́ nù, Verna ló bẹ̀ wọ́n, ló kó o, òun ló ń yá àwọn èèyàn ní Sátidé, ẹsẹ̀ bàtà kan náà ló sì ń gbà.

Mo rò pé Otis máa bá mi ṣe é. Verna ní, "A kì í bá èèyàn ṣe é níbí. Bọ́ ẹsẹ̀ bàtà ẹ kan, kó o gbé ọmọ wá." Mo bọ́ ọ, mo sì gbé Cody lé e lọ́wọ́, màámi. Otis lóṣòó tì mí, ó ń ní, "Tú ìyẹn. Rọra. Ṣé ó bú ẹ ni?" Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ páàdì àtijọ́, tó ti jẹ tán, tí mo fi de tuntun.

Lánàá la lọ sí Cleveland. Dókítà ní ihò ara ọkàn Cody ti ń pa dé. Nígbà tá à ń bọ̀, mo tẹ búréèkì níbi tí títì ti dà gẹ̀rẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi èémí ọmọ mi níbi tó ti sùn. Ẹ má tíì tún yàrá ṣe dè wá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín á máa gbé yín dé ibi ire.

Èmi ọmọ yín obìnrin,
Tonya

Mo tún rántí: Darrell pè, mo ní búréèkì ò han mọ́, ó bi mí pé ta ló fi páàdì sí i. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ṣé o dè é le?"