Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé abẹ́ ahọ́n Àsàkẹ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo kí Bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn ní Ṣómólú, yàrá wa ń jò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà. Látìgbà tí sójà ti ní àwọn ó gbéjọba fún alágbádá, ìwé ìpolongo ìbò ni ọkọ mi ń tẹ̀ ṣáá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Bajulaiye. Èmi ń bá wọn to ìwé, ọmọ-ọmọ yín á jókòó tì mí.

Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ní kí n gbé Àsàkẹ́ wálé kí ìyá alábẹ gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀, torí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò lè dá ọ̀rọ̀ sọ. N ò bínú. Èmi náà ti fún un lómi mu nínú agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kóhùn rẹ̀ lè là. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ṣe “gbàǹgàn, gbàǹgàn” kiri ilé.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló máa ń tún sọ. Ìyá onílé ní ayékòótọ́ ni mo bí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wọlé lọ sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń kígbe ṣáá pé, “Ẹ pa ẹ́ńjìnnì!” Bẹ́ẹ̀ ilé la wà. Ariwo náà sú mi, mo nà án. Ẹ̀yìn náà ni mo tó rántí pé ohun tí gbogbo wa ń ké nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì ìtẹ̀wé gbá òṣìṣẹ́ kan mú níka. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó gbóná, ọyún ń jáde níbẹ̀. Màámi, ọmọ mi ń sọ fún mi pé nǹkan ń dun òun, mo sì nà án.

Dókítà tó wo etí náà ní ahọ́n rẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ó ní ọ́tísìmù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀; ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu wa ló fi ń sọ tinú ẹ̀. Bóyá yóò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò lè sọ. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́.

A ó wálé lọ́dún Àjíǹde, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá alábẹ kí wọ́n má wá. Ẹ̀yin ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, kí ẹ máa kì í, kí ẹ máa gẹ̀ ẹ́. Bí àárò yín bá ń sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni yóò fi sọ fún mi.

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ọmọ yín,
Fọlákẹ́