Delight Kì í Pa Ilé-Ìwé Jẹ

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kìíní
Kíláàsì karùn-ún ń tú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pe orúkọ títí ohùn mi fi há. "Kò sí, mà" ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn kan ń ta píọ̀ wọ́tà ní márosẹ̀ Ìbàfò. Àwọn yòókù — n kò mọ̀ mọ́. Àwọn tó tiẹ̀ wá, ariwo ni wọ́n bá wá.

Delight nìkan ni kì í pa ilé-ìwé jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ dunjú lọ́jọ́ Ẹtì, kò mọ̀ ọ́n lónìí. Mo ti sọ ọ́ ní Ìgbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Mo kọ́ wọn ní ìṣirò pínpín. Ìgbàgbé ṣe é lójú pátákó, kò ṣì í rárá. Ayọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 21
Ìṣirò kan náà. Ìgbàgbé ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, kíláàsì dàrú. Mo nà án ní pàṣán mẹ́ta lápá ọ̀tún. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọn ò tíì kọ́ mi."

Àbí ta ló kọ́ ọ lánàá? Inú tún bí mi sí i.

Ọjọ́bọ̀, 22
Apá rẹ̀ ń dán. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ilà kankan.

Ọjọ́ Ẹtì, 23
Ilà náà rèé, ó ti dúdú. Ẹ̀rù bà mí. Mo pè é sẹ́yìn kíláàsì, mo bi í pé ta ni ọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Kẹ́hìndé ni mí, mà. Táyé ló wá lánàá."

Yunifọ́ọ̀mù kan, orúkọ kan, ọmọ méjì. Ìdájí ni ìyá wọn ti ń kúrò ní Mówé lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ ọwọ́. Ọ̀kan ń wá lónìí, èkejì lọ́la. Tó bá di alẹ́, ẹni tó wá á kọ́ ẹni tó dúró. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná ò sí, oorun gbé wọn lọ.

Èmi ọmọ Yorùbá! Ká ní Táyé ni wọ́n kọ sílẹ̀, n bá ti béèrè Kẹ́hìndé. Delight ni wọ́n kọ, n kò béèrè ẹnìkankan. Mo na ọmọ nítorí ẹ̀kọ́ tí n kò kọ́ ọ. Ojú tì mí. Mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Pásítọ̀ ní ká yin Olúwa. Ẹnu mi ò ṣí.

Ọjọ́ Ajé, 26
Mo ní kí n tún un ṣe. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa, tí à ń pè ní Ìyá Aago, pé kó kọ orúkọ ọmọ kejì sílẹ̀. Ó ní kíláàsì ti kún. Kíláàsì tí ìdajì rẹ̀ kì í wá! Ó ránṣẹ́ pe ìyá wọn, ó ní kó mú ọ̀kan tí yóò máa wá. Obìnrin náà ò bá a jà. Ó ní ìbejì ni òun bí, òun ò lè mú. Ó tún ọmọ ọwọ́ pọ̀n, ó lọ.

N bá ti panu mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27
Mo pe Delight. Ó dìde. Apá ń dán — Táyé. Mo bi í pé ẹnì kejì rẹ̀ ńkọ́. Kò gbójú sókè.

"Kẹ́hìndé ní kí n máa wá, mà. Ó ní èmi ni mo mọ̀wé, torí òun ni ẹ nà."

Mo fàmì sí i pé Delight wà, mo pe orúkọ tó kàn.