Ariwo Háàdì Díìsìkì Bàbá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àìrójú, ẹ sì tún kú àṣẹ̀yìndè Bàbá wa, nítorí ìkíni yẹn kò tíì tán lẹ́nu wa níbí. Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣé ó ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún àbíkẹ́yìn yín pé mo rí àwòrán ilé tó yà, àmọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, níbo la máa gbà wọlé? Ká ní bàbá àgbà rẹ̀ wà láyé ni, wọn ì bá ti yọ pẹ́ńsùlù etí wọn, kí wọ́n sì ya ilẹ̀kùn sí i.

Lẹ́tà yìí pẹ́ kí n tó kọ ọ́. Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù bóyá mo ti pààrọ̀ háàdì díìsìkì lápútọ́ọ̀pù Bàbá bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo kàn ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń yí ọ̀rọ̀ síbòmíràn. Òótọ́ ni pé mo pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ohun tó tẹ̀lé e ni n ò rí sọ.

Ẹ rántí pé nígbà tí ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí wọn ò lè di ayùn mú mọ́, ni wọ́n jókòó ti lápútọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń fi ìka méjì tẹ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ kápẹ́ńtà fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn: bí a ṣe ń so igi pọ̀ láìlo ìṣó, igi tí òjò kì í bàjẹ́, igi tó ń dán lójú tí inú rẹ̀ ti jẹrà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, èmi ni mò ń jókòó sí àga wọn láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń to ìwé náà. Ẹ̀rọ náà ti ń falẹ̀. Bí mo bá tàn án, mo lè fọ aṣọ méjì kí ó tó jí. Á kùn, á ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́, á tún kùn. Bí ó bá há, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Ó gbé etí lé e, ó ní, "Ta ló ń lu nǹkan yìí?" Mo ní Bàbá wa ni, èmi náà sì ni, pé bí a ṣe ń ṣe dúrọ́ọ̀ tó bá há nílé wa nìyẹn. Ó mi orí. Ó ṣí ògbólógbòó háàdì díìsìkì kan kí n wò ó: àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, apá tín-ín-rín kan sì ń ka ohun tó wà lójú àwo náà láìfara kàn án. Gbogbo ìgbà tí a bá gbá a, apá yẹn lè ha àwo. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, àmọ́ ọwọ́ ara wa la fi ń ba ìwé Bàbá jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Dókítà ní mo lè ra irú ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ń yí: àyè inú rẹ̀ pọ̀, kò wọ́n, bó bá sì fẹ́ kú, á kọ́kọ́ máa ké kí ó tó kú. Àbí kí n ra SSD tí ẹ ń sọ. Kò sí ohun tó ń yí nínú ìyẹn, ó yára, ẹ lè máa gbé e káàkiri, kì í dún rárá. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá máa lọ, ó lè má dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí Bàbá, tí àwọn náà ò dágbére. Síbẹ̀ SSD ni mo mú. Dókítà da gbogbo ìwé Bàbá sínú rẹ̀, ojú-ìwé kan ò sọnù. Inú mi dùn délé.

Lọ́jọ́ kejì mo tàn án, ó jí kí n tó jókòó dáadáa. Ilé pa lọ́lọ́. Mo ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, Màmá ò jáde. Mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo bá wọn létí ibùsùn, wọ́n ti wọṣọ tán. Wọ́n ní, "Mò ń retí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni." Mo ní mo ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ mọ̀ pé ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń gbọ́ kẹ́-kẹ́ yẹn láti yàrá wọn, òun ló ń sọ fún wọn pé Bàbá ti jí. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbé omi tíì kaná, wọ́n á to ife méjì. Lẹ́yìn ikú Bàbá, ife méjì náà ni. Mo rò pé tèmi ni èkejì, mo sì ń mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi kọ́, ti Bàbá ni. Orí Màmá pé o, wọ́n mọ̀ pé Bàbá ti kú. Wọ́n ní etí àwọn ni ò tíì gbà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún Bàbá bó ṣe yẹ, torí nígbà ìsìnkú, àlejò ni mò ń tọ́jú.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, oòrùn á ti yọ kí Màmá tó jáde. Mo padà sọ́dọ̀ Dókítà, mo ní kó bá mi fi ti àtijọ́ sínú àpótí kékeré tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa lò ó kú ni?" Mo ní mo mọ̀. Mo gbé e lé orí àpótí ìjókòó tí Bàbá kàn fún yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, igi náà sì gbé ohùn rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tó kùn ni mo gbọ́ ìró kẹ́tù nílé ìdáná.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló lò. N ò gbá a lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó kùn, ó ṣe kẹ́, ó tún ṣe kẹ́, ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá fọwọ́ tá ògiri wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́tí títí. Mo fẹ́ sọ pé iná ló lọ, n ò lè purọ́. Wọ́n ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Wọ́n padà lọ bu tíì sínú ife kan. Wọ́n nu èkejì gbẹ, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n lọ wá ife tèmi, pé ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ìgbà tó bá dé ni yóò lò ó.

Ìmọ̀ràn yín tọ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìwé Bàbá wà lódindi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ yín pé ẹ ò rí ọ̀nà wá sìnkú wọn, Màmá náà mọ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Dókítà ní kí n kí yín.

Màmá ti ń tètè jí padà. Ariwo géètì ni wọ́n ń tẹ́tí sí báyìí.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Lọ́yà Inú Ilé, bí ẹ ṣe máa ń pè mí.